Ìdáhùn: "Ìkísínú" kọ́ o, àkìbọ̀ ni

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Mo ti ní n kò ní dá sí i, àmọ́ láti àná ni "ìkísínú" ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Arákùnrin wa tó ń gbé ilẹ̀ Faransé kọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ki èso sí nínú, ó sì bá wa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "ìkísínú" fún èso inú ẹran, "ìyeyè gbígbẹ" fún pulọ́ọ̀mù tí wọ́n sá, "ọbẹ̀-páànù" fún omi tí wọ́n ń dà lé e lórí. Oúnjẹ yẹn dáa. Orúkọ ló bà á jẹ́.

Ẹ mú "kí" yẹn. Olóhùn òkè? Ta ló ń kí ẹran? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sè é lẹ fẹ́ kí, "ẹ kú ìdáná" ti wà nílẹ̀. "Kì" ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, olóhùn ìsàlẹ̀. Níwájú àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló ti ń di ohùn àárín: "ó ki èso bọ ẹran". Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dán an wò: "ó kì í bọ̀ ọ́". Ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí?

Ọdẹ ni bàbá àgbà mi. Tí wọ́n bá ti da ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kì í, díẹ̀díẹ̀, títí dídún rẹ̀ á fi yí padà. Ọmọ tó bá pe "ki ìbọn" bí ẹni ń kí ìbọn, wọ́n á ní kó kúkú dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ohun tí èmi náà ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Mo ra ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, kìlò kan ààbọ̀, mo fi ọ̀bẹ gígùn lu ú láti orí dé ìdí, mo wá fi ọwọ́ orógùn ki pulọ́ọ̀mù àti ápù wẹ́wẹ́ bọ ihò náà títí kò fi gbà mọ́. Òwú tó yẹ kí n fi dì í, mi ò rántí. Ẹnu ihò là gbàgà nínú óófùn, ápù sì tú dà sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. 180 ni mo gbé iná sí, mo yọ ọ́ nígbà tí àárín ẹran dé 63 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, mo sì jẹ́ kó sinmi kí n tó gé e.

Ó ku àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn "ì" tàbí "à" tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ìkọ̀wé ni iṣẹ́, àkọsílẹ̀ ni ohun tí iṣẹ́ náà bí. Èso inú ẹran kì í ṣe iṣẹ́, nǹkan ni. Àkìbọ̀ nìyẹn, bíi àdàlú, bíi ẹgbọ̀rọ̀ màlúù àbọ́pa inú Lúùkù 15, tẹ́nikẹ́ni ò pè ní ìbọ́pa. Ẹni tó fẹ́ fi "ìdì", tó jẹ́ nǹkan bó tilẹ̀ fi "ì" bẹ̀rẹ̀, já mi nírọ́, mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín, mi ò gbà.

"Ìyeyè gbígbẹ" ńkọ́? Ìyeyè máa ń kan lẹ́nu, ó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Pulọ́ọ̀mù gbígbẹ tí ìlú Agen nílẹ̀ Faransé fi lókìkí dúdú, ó dùn bí oyin. Àwọn àgbà tó rí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ò pè é ní ọ̀pẹ̀ lásán. Ẹ fi òyìnbó kún un, tàbí kẹ́ ẹ fi pulọ́ọ̀mù sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ọbẹ̀-páànù" ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Páànù tí ìyá mi mọ̀, orí ilé ló wà. Ẹ ó ṣẹ́ ọ̀rá kúrò, ẹ ó da wáìnì funfun sórí ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, ẹ ó fi orógùn ha á kúrò, ẹ ó jẹ́ kó hó títí á fi ki (ohùn àárín rèé o, ọ̀rọ̀ mìíràn ni!), ẹ ó wá ju bọ́tà tútù sí i. Kò sí òkèlè tó ń bá irú rẹ̀ rìn. Omitoro ni, kò nílò orúkọ tuntun kankan.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká pe óófùn ní ààrò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dáná ní ààrò rí? Òkúta mẹ́ta? Èmi ti fẹ́ná níbẹ̀ títí ojú mi fi pọ́n. Àti ẹni tó ní ká pe gbogbo rẹ̀ ní "àsun ẹlẹ́dẹ̀": ìyàwó mi, ọmọ Oǹdó, ka lẹ́tà yín láti ẹ̀yìn mi. Ó ní ẹran ewúrẹ́ ni àsun, ata ló ń gbé e, kò sì sí èso kankan níbẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ sọ abúlé tẹ́ ẹ ti wá.