Ohun tójú mi rí lọ́wọ́ thionyl chloride, ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Benzoic acid ni mo fẹ́ sọ di benzoyl chloride, wọ́n ní kí n lo thionyl chloride, omi kẹ́míkà kan tó ń fi chlorine sára asíìdì, mo sì ti kà á pé ohun tó dáa jù lára ẹ̀ ni pé gáàsì ni gbogbo pàǹtí tó ń ti ibẹ̀ jáde, sulfur dioxide àti hydrogen chloride, wọ́n á fò lọ, ohun téèyàn ń wá ló máa kù sínú ìgò. Òótọ́ ni. Àmọ́ mi ò ronú ibi tí gáàsì yẹn ń fò lọ.

Ṣíṣe ẹ̀ ò le rárá. Flask tó gbẹ táútáú, mo da asíìdì sí i, mo da thionyl chloride lé e, mo kán DMF (dimethylformamide, omi kẹ́míkà tó ń mú kí iṣẹ́ náà yá) ẹ̀kán kan ṣoṣo, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀, mo gbé e kaná fún wákàtí méjì títí tí ìfófòó ò fi yọ mọ́. Bíi 76 °C ni thionyl chloride máa ń hó, torí náà èyí tó ṣẹ́kù ò ṣòroó fà kúrò bí oru, mo fà á, mo da toluene díẹ̀ sí i, mo tún fà á.

Ìgbà tí mo fẹ́ da èyí tí mo fà kúrò nù ni wàhálà dé. Omi wà nídìí bíkà tí mo gbé, kò pọ̀, mi ò wò ó dáadáa, mo kàn da gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Yéè! Ó dún ṣìì, ó ta sókè, èéfín funfun bo inú hood, ìyẹn àpótí onígíláàsì tó ń fa èéfín jáde, òórùn bíi ti ìṣáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó gbá mi nímú, ọpẹ́lọpẹ́ gíláàsì hood tí mo fà wálẹ̀. Mo wúkọ́ di ọjọ́ kejì. Látìgbà yẹn, ńṣe ni mò ń kán an díẹ̀díẹ̀ sínú omi bicarbonate tí mo gbé sórí yìnyín, bó ti wù kó pẹ́ tó. Gáàsì tó ń jáde náà, inú omi sodium hydroxide ni mò ń darí ẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ìgò òfìfo láàárín, torí bí flask bá tutù, omi lè fà padà wọnú ẹ̀.

— Ẹ kú ewu o. Methyl ester lèmi fi thionyl chloride ṣe. Mo da phenylalanine, amino acid kan, sínú methanol, kò tiẹ̀ yọ́, ó kàn funfun bí ẹfun, mo gbé e sórí yìnyín, mo kán thionyl chloride kan, mo dúró, mo tún kán òmíràn, torí methanol náà máa ń bá a jà bí omi ṣe ń bá a jà. Ó yá, gbogbo ẹ̀ mọ́ gaara. Mo fi sílẹ̀ mọ́jú, mo fa methanol kúrò, iyọ̀ hydrochloride funfun báláú ló kù, kò sí pé mò ń gbé column kankan, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ kó lè mọ́. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

— DMF tẹ́ni àkọ́kọ́ kán sí i yẹn ló ń bà mí lẹ́rù o, torí òun àti thionyl chloride lè bí dimethylcarbamoyl chloride, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹranko. Àti pé bí thionyl chloride inú ìgò yín bá ti ń pọ́n bí ìyeyè, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, ẹ tún un sè, kẹ́ ẹ gba oru ẹ̀ tó tutù, kẹ́ ẹ tó lò ó. Oxalyl chloride, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ni mo sábà máa ń lò báyìí bí ohun tí mò ń ṣe bá jẹ́ ẹlẹgẹ́, bíi 63 °C lòun ń hó, kò nílò iná rárá. Àmọ́ carbon monoxide wà lára gáàsì tiẹ̀, kò lóòórùn, ojú ò rí i, nítorí náà mi ò kì í gbé e kúrò nínú hood títí tó fi parí.