Oòrùn tí wọ́n fi irin dídán mú wá: ohun tí mo rí ní Viganella

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí fún yín. Domodossola ni mo wà, lápá òkè Ítálì lọ́hùn-ún, mo ń tọ́jú màmá àgbà kan. Viganella ni wọ́n bí màmá sí, abúlé kékeré kan nínú àfonífojì Antrona, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò tó igba. Láti 2016 ni wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ Seppiana, Borgomezzavalle nìjọba ń pè é báyìí, Viganella náà ni màmá ṣì ń pè é.

Òkè tó yí ibẹ̀ ká ga débi pé tó bá ti di November 11, oòrùn ò ní yọjú sí wọn mọ́ títí di February 2. Ọjọ́ 83! Màmá ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, ọjọ́ tó bá padà dé, ìyá àwọn á ṣí gbogbo fèrèsé ilé sílẹ̀ nínú òtútù yẹn.

Ayàwòrán-ilé kan, Bonzani, ló kọ́kọ́ fẹ́ ya aago oòrùn, èyí tí òjìji oòrùn máa ń fi wákàtí hàn, sára ògiri sọ́ọ̀ṣì, ni méyọ̀ wọn, Midali, bá ní kó kúkú wá nǹkan tó máa mú oòrùn fúnra rẹ̀ wá. Ní December 2006 ni wọ́n gbé irin dídán bíi dígí sórí òkè tó kọjú sábúlé, mítà 8 ní fífẹ̀, mítà 5 ní gíga, kọ̀ǹpútà ló ń yí i tẹ̀lé oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa bọ́ sójúde sọ́ọ̀ṣì.

December tó kọjá ni ọmọ màmá fi mọ́tò gbé wa lọ. Ọ̀nà tóóró tá a gbà wọlé ṣókùnkùn, yìnyín ti bo òkúta ilẹ̀, ìka mi ti kú nínú ìbọ̀wọ́, mo di màmá lápá mú gírígírí kí wọ́n má bàa yọ̀. Bá a ṣe yà báyìí, ìmọ́lẹ̀! Mo ti rò pé á dà bí iná tọ́ọ̀ṣì lásán ni, àṣé oòrùn gidi ni, mo rí òjìji ara mi nílẹ̀ kedere. Mo sún ẹsẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pòórá, mo padà, ó tún yọ. Èmi tó jẹ́ pé abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń sá sí nílé, omi bọ́ lójú mi.

Màmá tú ìborùn wọn, wọ́n dijú, wọ́n gbójú sókè, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n bọ́ ìbọ̀wọ́, kí n fọwọ́ kan ògiri sọ́ọ̀ṣì. Ó tutù, àmọ́ kò tutù tó ti ẹ̀gbẹ́ kejì.