Ọkọ mi ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣíjú

Ìyá Fèyí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Inú ló ń bí mi. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdísì fún ọkọ mi lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní wákàtí kan ni. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi ń fọwọ́ tẹ báàgì atẹ́gùn fún un! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ọ́síjìn. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wí pé èmi ni mo yan ọsibítù pọ́ọ́kú. Nígbà tí ọkọ mi jí, ó ka ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì fún mi, títí dórí èyí tó ń bèèrè ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín òun. Ó ń gbọ́, kò lè gbé ìka. Ṣé iṣẹ́ ayé kọ́ nìyí? Iṣẹ́ abẹ ìpá tún kù. Ṣé ká kọ oògùn oorun ni?

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Wọ́n fún un jù ni. Kóòtù ló kàn.

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Oògùn oorun kọ́ ló mú ara rọ bẹ́ẹ̀, oògùn tó ń dẹ iṣan ni. Oorun lọ́tọ̀, ìrora lọ́tọ̀, iṣan lọ́tọ̀. Èwo ni wọ́n kọ sínú ìwé?

Ìyá Fèyí: Suxamethonium, 100 mg. Kílò 70 péré ni ọkọ mi o.

Baba Tíátà: Kò pọ̀ jù. 1 sí 1.5 mg ni fún kílò kan. Bọ̀dá Rẹ̀mí, ẹ rọra. Bí ọpọlọ bá ránṣẹ́ sí ìka, àlàfo tín-ín-rín ló wà kó tó kan iṣan. Acetylcholine ló ń sọdá lọ jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì ní àga tó ń jókòó lé. Atracurium, oògùn mìíràn tó ń dẹ iṣan, á gba àga yẹn, kò ní jẹ́ iṣẹ́ kankan. Suxamethonium á jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ara á gbọ̀n wìrìwìrì, lẹ́yìn náà kò ní dìde, iṣan á sì rọ jọwọlọ. Kò sí èyí tó ń dé ọpọlọ nínú wọn. Ọkàn kò gbára lé àga yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń lù. Iṣan tí a fi ń mí kò rí bẹ́ẹ̀: báàgì yẹn ló gbà wọ́n là. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 ló yẹ kí suxamethonium fi kúrò, cholinesterase inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gé e wẹ́wẹ́. Bí cholinesterase kò bá tó, ó di wákàtí.

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Kí ló dé tí wọn ò fún un ní neostigmine, èyí tó ń mú agbára iṣan padà?

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ti atracurium nìyẹn! Neostigmine ń dí cholinesterase yẹn gan-an lọ́wọ́, ó lè fa ọ̀rọ̀ gùn sí i. Kí wọ́n máa mí fún un, kí wọ́n má sì dá oògùn oorun dúró títí iṣan á fi padà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ta ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí wọ́n wo bí àtàǹpàkò ṣe ń dáhùn. Oorun tí wọ́n dá dúró yẹn ni ẹ̀bi tiwọn.

Baba Tíátà: Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú ẹbí wọn rí? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?

Ìyá Fèyí: Kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan. Kí ni iṣẹ́ kàn níbẹ̀? Ẹ̀wà ló ń tà l'Ọ́jà Ọba. Kòkòrò kì í wọ tiẹ̀ o, ó máa ń wọ́n DDVP sí i, á sì fọwọ́ rò ó pọ̀. Ó ní ibọ̀wọ́ ń gbóná.

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Háà!

Baba Tíátà: Mà, DDVP ń pa cholinesterase náà. Ẹ má tíì dá ọjọ́ ìpá. Kí wọ́n yẹ cholinesterase ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kí wọ́n jìnnà sí DDVP fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá gòkè síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbímọ́ni, nítorí wákàtí márùn-ún gùn. Kí àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti Fèyí náà wá yẹ tiwọn wò. Kí káàdì wọn kà pé: kò gbọdọ̀ gba suxamethonium tàbí mivacurium. Cholinesterase yẹn náà ló ń gé mivacurium, oògùn mìíràn tó ń dẹ iṣan. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ìpá ṣe, kò nílò oògùn tó ń dẹ iṣan. Ẹ̀wà yẹn kò sì yẹ kó dé ìkòkò ẹnikẹ́ni.

Ìyá Fèyí: Ìyá ọkọ mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ́n ọn.