Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ìránṣọ mi, ó ti yanjú o

Ẹ kú ilé o. Mo béèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè rọ́ máṣíìnì, òwú àti aṣọ oníbàárà sí kọ̀rọ̀ kan nínú yàrá láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ti bọ́ sí i.

Nínú ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ fún mi, ti ìmọ́lẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù, torí apá òsì ni abẹ́rẹ́ máṣíìnì wà, mo wá gbé tábìlì síbi tí wíńdò á ti wà lọ́wọ́ òsì mi, òjìji ọwọ́ ò bo ojú ìrán mọ́, kódà aṣọ dúdú tó máa ń fojú mi gbolẹ̀ ti rọrùn díẹ̀. Káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri, ó to ìṣó sí i, ibẹ̀ ni mo fi òwú kọ́ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ra àpótí olówó gọbọi, ẹ má bínú, owó dà?). Sísọ́ọ̀sì aṣọ ní ìṣó tiẹ̀, ẹni tó bá fi gé bébà nílé yìí á gbọ́ ohùn mi. Mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti kú ni mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan wà nínú náílọ́ọ̀nù tiẹ̀, bébà orúkọ àti ìwọ̀n wà nínú ẹ̀, káńfọ̀ wà nísàlẹ̀ àpò.

Máṣíìnì wífìn (èyí tó ń rán etí aṣọ kó má baà tú) nìkan ni ò ráyè, màá ṣì máa gbé aṣọ lọ fún bọ̀dá tó ń wífì ládùúgbò. Màmá tó mú ọ̀rọ̀ wíńdò wá, ẹ ṣé gan-an mà.