Mo ti rí ìdáhùn lórí bàálù N264DB

Ẹ kú sùúrù o. Ohun tí mo béèrè ni pé kí ló dé tí N, lẹ́tà tó ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà bàálù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi wà lára bàálù Piper Malibu tó já sínú òkun pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù Emiliano Sala ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2019, nígbà tó jẹ́ pé láti Nantes sí Cardiff ló ń lọ.

Wọ́n fi bàálù náà sábẹ́ orúkọ alámójútó kan tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà lójú òfin, tó ń bá olóhun dì í mú. Òfin gbà bẹ́ẹ̀. 

Ti èéfín ló dùn mí jù. Bí páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì bá lu, carbon monoxide, gáàsì olóró kan, lè wọ inú bàálù. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ìwọ̀n 58 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ (hemoglobin) nínú ẹ̀jẹ̀ Sala ni gáàsì yìí ti gbà! Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ tó lè pariwo ìkìlọ̀. Awakọ̀ náà kò tilẹ̀ ní àṣẹ àtifò lóru.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ìjábọ̀ àwọn olùṣèwádìí Ìlú Ọba ti oṣù kẹta 2020 ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè mi ti parí.