“Àwọ̀n-iṣẹ́” kọ́: mo fara mọ́ “ìbárìn iṣẹ́”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a máa pe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìyẹn gbogbo àwọn tí iṣẹ́ ti pa wá pọ̀ mọ́, ní “àwọ̀n-iṣẹ́”. Ẹlòmíràn ní “ìsopọ̀” ti tó. Ẹnì kẹta ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, “ẹgbẹ́” ni. Mo ti rò ó, mo tún un rò. N ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọ̀n ni n ó kọ́kọ́ mú, torí ó ti kó bá mi rí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe níbí, n’Ìbàdàn. Wọ́n gbé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún mi nígbà kan, tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn sọnù. Mo kọ ọ́ pé kí oníṣẹ́ “máa tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, kó sì máa fẹ̀ ẹ́”. Kí n tó fi í ránṣẹ́, mo lọ kà á fún bàbá káfíńtà kan ní ọjà pákó Bódìjà, torí n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì jẹ́ kí irú ẹni tí a kọ ọ́ fún gbọ́ ọ. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta wá ni ẹja?” Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ohun tó bá kó sínú àwọ̀n kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Létí Yorùbá, ẹni bá gbọ́ àwọ̀n ti gbọ́ ẹja.

Etí wa kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà láìnítumọ̀. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ níbí: Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Ulli Beier àti àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, Achebe ló mú un wá. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, àwọn ará ìlú gbọ́ ìró náà, wọ́n sì sọ ọ́ di Yorùbá: Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, inú mi ì bá dùn. Wọn ò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a ṣọ́ra pẹ̀lú àwọ̀n: etí yóò wá ìtumọ̀ fún un, ẹja ni yóò sì rí.

“Ìsopọ̀” ò burú ní tirẹ̀. A ń lò ó fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, ó bá ibẹ̀ mu. Ó tilẹ̀ bá ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe láti 2003 lórí LinkedIn, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mọ ara wọn, mu: o tẹ bọ́tìnnì, onítọ̀hún náà tẹ tirẹ̀, ó parí. Àmọ́ kò sí àsìkò nínú ìsopọ̀. Ẹni tí ẹ ti so pọ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́wàá tí ẹ ò kí rí, ṣé ẹ lè pè é láàárọ̀ ọ̀la pé kó bá yín wáṣẹ́?

Ní ti ẹgbẹ́, Ìbàdàn mọ ẹgbẹ́ dáadáa: ti télọ̀, ti bíríkìlà, ti onímọ́tò. Ó ní alága, ó ní owó oṣù. Bíríkìlà lè máa san owó ẹgbẹ́ déédéé, kó jẹ́ pé ìyá tó ń ta sìmẹ́ńtì, dẹ́rẹ́bà tó ń kó yanrìn àti lándílọ́ọ̀dù tó kọ́lé fún nígbà kan ló ń pè é síṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ò bá a jókòó ìpàdé rí. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí èyí gan-an. Ó bi àwọn èèyàn ní àgbègbè Boston tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ ló ta wọ́n lólobó, pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí. Nínú 100, àwọn tó ń rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán ò ju 17 lọ. Nǹkan bí 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 28 kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jẹun mọ ohun tí àwa náà mọ̀. Ojúlùmọ̀ ń ti ibi tí ẹsẹ̀ wa ò dé bọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí à ń wá gbọ́dọ̀ gba ẹni tó jìnnà.

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, a ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun: ojúlùmọ̀ iṣẹ́ ni. Fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, mo ní ìbárìn iṣẹ́. Gbági ni ìyá mi ti taṣọ. Bí wọ́n bá ń dúró fún ẹnì kan lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ tajà àwìn fún un, wọn kì í ní “mo mọ̀ ọ́n”. Wọ́n á ní, “A ti ń bára wa rìn bọ̀, ó ti pẹ́.” Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. “Bá” ní kò sí ẹni tó lè dá a ṣe. “Rìn” ní kì í ṣe òòjọ́. Àwọn àgbà náà ṣáà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹnì kan á sọ pé ọkùnrin tó ń bá obìnrin rìn ńkọ́? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ń sọ “alábàárìn” láìsí ìtìjú, “iṣẹ́” tó tẹ̀lé e sì ti yanjú ìyókù.

Ohun tó wù mí jù nínú ìbárìn ni pé ó ń fi ọ̀nà sí wa lọ́kàn, a sì mọ ohun tó ń pa ọ̀nà. Koríko ni. Ẹni tó bá ní oko ìdílé lẹ́yìn Ìbàdàn mọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé àdá jáde láti yẹ ọ̀nà oko. Ẹ jẹ́ ká mú “yẹ̀nà” fún mímú ìbárìn dúró. Kíkí èèyàn lọ́jọ́ ìkómọ, yíyọjú níbi òkú bàbá rẹ̀, fífi iṣẹ́ tí agbára wa ò ká ránṣẹ́ sí i, yíyẹ̀nà ni gbogbo rẹ̀. Èmi ò yẹ̀nà tèmi nígbà kan. Ọ̀gá kan ló fún mi níṣẹ́ ìtúmọ̀ àkọ́kọ́, mo fi ọdún mẹ́fà sílẹ̀ láì kí i, ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ ni mo pè. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n ní, “Ta ni?” Mo sọ orúkọ mi. Wọ́n tún bèèrè. Ó ṣì ń dùn mí.

Ó ku fífẹ̀ rẹ̀. Ẹnu wa ti ní “òun ló fi mí mọ ọ̀gá rẹ̀”, ibẹ̀ ni mo ti fa “ìfinimọni” yọ: kí ojúlùmọ̀ kan mú wa dé ọ̀dọ̀ èkejì. Èyí nìkan ni ò tíì dùn létí mi tó. Ó rọ̀ mọ́ ahọ́n. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, pàápàá láti inú ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀, kó mú un wá, torí wọ́n fẹ́ tún ìwé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn tẹ̀, n ó sì tún lọ kà á fún bàbá ní Bódìjà.