"Dì" kọ́, "dè" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ìtumọ̀ tí ẹ ṣe fún ìwé ìlànà àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó koríko tí ẹran ọ̀sìn ń jẹ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ẹ pe koríko náà ní "koríko gbígbẹ", ẹ pe ẹyọ rẹ̀ ní "béèlì", ẹ sì ní kí awakọ̀ "fi okùn dì í dáadáa sórí tírélà". Gbólóhùn yìí ló ká mi lára jù, torí ẹni tó bá tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́ bó ṣe wà yẹn lè da ẹrù sójú títì.

Ohun tó fọ́n káàkiri là ń dì kó lè di ẹyọ kan. À ń di igi ìdáná, à ń di irun. Koríko yìí, ẹ̀rọ ti dì í kó tó dé ẹ̀bá ọkọ̀: okùn méjì ló wà lára ìdì kékeré (ohun tí ẹ pè ní "béèlì") kọ̀ọ̀kan, tó gùn tó ínǹṣì 36, tó fẹ̀ tó 18, tó ga tó 14, tó sì máa ń wúwo tó kílò 15 sí 25. Bí a bá tún ní kí awakọ̀ dì í, ohun tó máa yé e ni pé kó so ìdì mọ́ ìdì. Yóò fi okùn yí gbogbo rẹ̀ ká, yóò ta kókó. Ọjọ́ tó bá tẹ bíréèkì lójijì, òkìtì náà yóò ṣí lọ lódindi, torí kò sí ohun tó mú un mọ́ ọkọ̀.

"So" náà kò tó. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ṣì ń jẹko yí èèkàn ká. Ẹni tí a dè mọ́ igi kò lè mira. "Dè" ni ọ̀rọ̀ tó bọ́ síbẹ̀, torí ó ń béèrè ibi tí a dè é mọ́: "de ẹrù mọ́ irin ara ọkọ̀." Kí irin náà jẹ́ férémù, tàbí òrùka tí wọ́n jó mọ́ ọn, kó má ṣe jẹ́ pákó ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá fi ìkọ́ há okùn ara ìdì, bí okùn yẹn bá já, ìdì tú, ọ̀já dẹ̀, ìyókù á sì máa yọ̀ bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pe ohun tí a fi ń de ẹrù ní ọ̀já, torí "okùn" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Okùn rí róbótó, ó máa ń gé wọnú koríko níbi igun òkè. Ohun tí ìwé náà ń sọ rí pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 2. Ìyá tó pọnmọ mọ iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀já kì í gé ọmọ lára, ńṣe ló ń gbà á mọ́ra. Irin tí a fi ń fún ọ̀já le, tó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ bí a ti ń mú ọwọ́ rẹ̀ lọ tí a ń mú un bọ̀, "irin afúnle" ni mo dábàá fún un.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára ọ̀já, ẹ sì pe méjèèjì ní "agbára". Ewu wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ ni "ìwọ̀n ìjá", ìyẹn ìwọ̀n tí ọ̀já fi lè já; èyí tó kéré, tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ni "ìwọ̀n ìlò", ìyẹn ìwọ̀n tí a lè gbé lé e láìséwu. Ìwọ̀n ìlò la fi ń ṣírò. Òfin Amẹ́ríkà ní kí àpapọ̀ rẹ̀ lórí gbogbo ọ̀já tó ìdajì ìwúwo ẹrù, ó kéré tán: ìdì 60 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 20 jẹ́ kílò 1,200, nítorí náà ìwọ̀n ìlò gbogbo ọ̀já lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní kílò 600. Síbẹ̀, ọ̀já kan tó lágbára kò dípò mẹ́ta. Gbogbo ìlà ìdì tó wà lókè ni ọ̀já gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀.

"Tò" tí ẹ lò dára, ẹ má yí i. Ẹ kàn fi kún un pé ìpele àkọ́kọ́ ní òòró, ìkejì ní ìbú, bíi búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà kì í jẹ́ kí ojú ìpàdé wọn bára mu. Kí bíi 60% ẹrù wà níwájú táyà tírélà. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ìdí ohun tí à ń fà yóò máa jù sọ́tùn-ún jù sósì. Tapólì kì í ṣe ìdè, òjò ló wà fún.

Lójú ọ̀nà Ìlọrin, ọkọ̀ gígùn ni tírélà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ẹ kọ "tírélà katakata". "Béèlì" máa ń mú ọkàn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀yọ́ tó ń ṣọdún Bẹẹrẹ, ọdún kíkó ìdì koríko wá sí ààfin, kò ṣàìní "ìdì". Ní ti "koríko gbígbẹ", koríko tó gbẹ lóòró lásìkò ọyẹ́ náà gbẹ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà aṣaralóore nínú mọ́. Èyí tí a gé ní tútù tí a sá bí a ṣe ń sá èlùbọ́, "koríko sísá" ni. Ọ̀rọ̀ náà tún ń kìlọ̀: bí a kò bá sá a dáadáa, tí omi inú rẹ̀ ju 20% lọ, inú ìdì á máa gbóná, ó sì lè gbiná.

Ó ku ìkan. Koríko máa ń rọlẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n, ọ̀já tó le nígbà tí a kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í le bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Lẹ́yìn kìlómítà 10 àkọ́kọ́, dúró, fọwọ́ kan ọ̀já kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dẹ̀, fún un kó le." Kí atẹ̀wé má gbàgbé àmì abẹ́ "dẹ̀" o. Láìsí i, awakọ̀ yóò kà á pé ọ̀já dè, yóò sì máa lọ.